"Kò Rọrùn": Ìhà tí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ sí Ẹ̀kọ́ Orí Ayélujára, àti Ọ̀rọ̀ tí Wọ́n Fi Ń Wọ̀n Ọ́n

Láti oṣù kẹta ọdún 2020 ni àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ti jọ ti ilẹ̀kùn àwọn yunifásítì ìjọba ní Nàìjíríà pa. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì náà parí ní oṣù kejìlá, àrùn náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, orí ayélujára ni púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì wọ̀nyí, títí kan ti Ìbàdàn àti ti Èkó, ti tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn olùwádìí ti ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè bí wọ́n ti rí i sí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé ìbéèrè náà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, pàápàá láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí èdè abínibí wọn jẹ́ ọ̀kan, Yorùbá ni àlàyé sábà máa ń gbà jáde, olùwádìí a sì tú u sí Gẹ̀ẹ́sì bí ó bá padà dé ìdí tábìlì rẹ̀. Gbólóhùn kan kì í sì í wọ́n nínú irú àlàyé bẹ́ẹ̀: "Kò rọrùn."

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ó wà nínú gbólóhùn yìí, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ìtumọ̀ mẹ́rin ni ó lè ní, ohun tí ó sì yẹ kí yunifásítì ṣe sí ọ̀kan kò jọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe sí èkejì. Ẹni tí kò mọ ẹ̀rọ lò nílò ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà. Ẹni tí kò rí owó dátà san nílò ìrànlọ́wọ́ owó, tàbí ẹ̀kọ́ tí kì í jẹ dátà. Ẹni tí kò ní ibi tí ó parọ́rọ́ nílò yàrá. Ẹni tí ẹ̀kọ́ náà gan-an kò yé nílò olùkọ́. Bí wọ́n bá kó gbogbo wọn sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ìgbìmọ̀ tí ń pín owó yóò rí iye kan ṣoṣo lórí ìwé, yóò sì gbà pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fẹ́ ẹ̀kọ́ orí ayélujára. Wọ́n lè torí bẹ́ẹ̀ pa á tì. Àwọn tí wọn yóò sì pa á tì mọ́ lọ́wọ́ ni ìyá ọlọ́mọ tí ń ṣiṣẹ́ oṣù, ẹni tí ń tajà lọ́sàn-án tí ń kàwé lóru, àti arọ tí kò lè gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn alájà mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ìperí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán níbi tí ọ̀ràn bá ti rí báyìí.

Ìhà

Ohun tí àwọn olùwádìí ń fẹ́ wọ̀n ni ìhà tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sí ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti fìdí múlẹ̀ nínú iṣẹ́ akadá ní èdè Yorùbá, ó sì dára ju àwọn tí ń bá a du ipò lọ. Ìhà ni ẹ̀gbẹ́ ara. Ẹni tí ó kọ ìhà kan sí nǹkan ti yí ara rẹ̀ sí i ní ọ̀nà kan, yálà ó kọjú sí i tàbí ó kẹ́yìn sí i. Kò tíì ṣe nǹkan kan; bí ó ti dúró nìkan ni ènìyàn rí. Èyí gan-an ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gbé.

"Èrò" kò tó o, nítorí pé inú orí nìkan ni èrò wà. "Ìfẹ́" ti ṣe ìdájọ́ kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó léwu jù ni "ìwà", tí àwọn kan ń lò nítorí pé ó kúrú. Ìwà àti ìṣe ni ohun tí ó hàn sí gbogbo ayé, ó sì lè tako ìhà pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣí fóònù rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ nítorí máàkì tí ó wà fún wíwá sí kíláàsì, tí ó gbé fóònù náà sí orí ìbùsùn tí ó sì lọ ń gbọ́únjẹ, ti wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ. Ìhà tí ó kọ sí ẹ̀kọ́ náà kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn.

Ní 1928 ni L. L. Thurstone kọ̀wé láti fi hàn pé ìhà ṣeé wọ̀n. Ní 1932, Rensis Likert, ará Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí kò gba wàhálà púpọ̀: wọn a sọ gbólóhùn kan fún ènìyàn, ẹni náà a sì mú ipele kan láti orí "mo gbà gan-an" títí dé orí "n kò gbà rárá". Òṣùwọ̀n Likert ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń pín ní yunifásítì títí di òní. Ohun mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ sì sábà máa ń yà sọ́tọ̀ nínú ìhà: ohun tí ènìyàn gbàgbọ́ nípa nǹkan, bí ó ti rí lára rẹ̀, àti ohun tí ó ṣe tán láti ṣe nípa rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gbàgbọ́ pé ẹ̀kọ́ orí ayélujára wúlò, kí ó má dùn mọ́ ọn rárá, síbẹ̀ kí ó ṣe tán láti tún forúkọ sílẹ̀ fún un ní ọdún tí ń bọ̀. Kò sí àbùkù nínú ìdáhùn rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí ó da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni ó ní àbùkù.

Orúkọ ohun tí wọ́n kọ ìhà sí

Èyí tí ó pẹ́ jù nínú àwọn orúkọ tí ó wà nílẹ̀ ni "ẹ̀kọ́ àkọ́jìnnà". Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ gbé e rìn. Open University ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó gba ìwé àṣẹ ní 1969 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní 1971, fi rédíò àti tẹlifíṣọ̀n BBC kún ìwé. Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1974. Ní 1983 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin gbé yunifásítì àkọ́jìnnà kalẹ̀. Ìjọba ológun dá a dúró ní 1984. Ó sì di 2002 kí ó tó tún gbéra gẹ́gẹ́ bí National Open University of Nigeria. Èyí tí ó pọ̀ nínú ìtàn yìí ti kọjá kí ayélujára tó dé ọwọ́ mùtúmùwà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń lo "àkọ́jìnnà" fún ẹ̀kọ́ orí ayélujára ń pe ọmọ ní orúkọ bàbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "jìnnà" pàápàá gba àgbéyẹ̀wò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Michael G. Moore ti ń ṣàlàyé pé jíjìnnà tí ó ṣe pàtàkì nínú ẹ̀kọ́ kì í ṣe ti máìlì, bí kò ṣe ti ìjíròrò: mélòó ni ọ̀rọ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀ láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́? Ẹni tí ó dúró ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn tí ó kún àkúnya, tí makirofóònù kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, jìnnà sí olùkọ́ ju ẹni tí ó wà ní Ṣakí tí ó kọ ìbéèrè ránṣẹ́ tí ó sì rí èsì gbà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ń gbóríyìn fún ẹ̀kọ́ ojúkojú ni kò rántí irú ojú tí wọ́n ń wí.

"Ẹ̀kọ́ orí ayélujára" ni ó dára jù fún èyí tí ó ń ti inú íntánẹ́ẹ̀tì wá. Ayé tí ó lu já ara wọn ni orúkọ náà ń sọ, gbogbo ènìyàn ni ó sì ti mọ̀ ọ́n. "Ẹ̀kọ́ orí afẹ́fẹ́" kò yẹ, nítorí pé ilé iṣẹ́ rédíò ti gba orí afẹ́fẹ́ tipẹ́tipẹ́. "Ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ" fẹ̀ jù: ìdánwò JAMB, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe lórí kọ̀ǹpútà ní 2013, orí ẹ̀rọ ni ó wà, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀.

Orúkọ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo olùwádìí kọ sí iwájú kí wọ́n tó fi 2020 àti 2021 ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Ní oṣù kẹta 2020, Charles Hodges àti àwọn mẹ́rin mìíràn tí wọ́n jọ kọ̀wé kìlọ̀ pé ohun tí àwọn yunifásítì ń sáré ṣe nígbà náà kì í ṣe ẹ̀kọ́ orí ayélujára. Ẹ̀kọ́ orí ayélujára gidi ń gba oṣù púpọ̀ láti tò kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wọ inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣe jẹ́ ọgbọ́n tí wọ́n dá nígbà tí iná ń jó ilé. "Ìkọ́ni pàjáwìrì" ni ó yẹ kí ó máa jẹ́ ní Yorùbá. Olùkọ́ tí kò tíì kọ́ni báyìí rí, tí wọ́n fún ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti múra, tí ó ka ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú fóònù fún wákàtí méjì: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kórìíra èyí, kí ni ó kórìíra? Ìhà tí ènìyàn kọ sí oúnjẹ àsèsálọ kò sọ nǹkan púpọ̀ nípa ìhà tí ó kọ sí oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni ti ẹ̀kọ́ tí apá kan rẹ̀ jẹ́ ojúkojú tí apá kejì wà lórí ayélujára. Ibí yìí ni àwọn olùtúmọ̀ ti ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. "Ẹ̀kọ́ àmúlùmálà" ni ẹnu máa ń kọ́kọ́ bá, ṣùgbọ́n ẹ̀gàn wà nínú rẹ̀. Èdè àmúlùmálà ni wọ́n ń pe Yorùbá tí Gẹ̀ẹ́sì ti bàjẹ́. Olùwádìí tí ó bá bi akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀kọ́ àmúlùmálà ti ti ìdáhùn sí i lẹ́nu. "Ẹ̀kọ́ àdàpọ̀" kò ní ẹ̀gàn, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá dàpọ̀ kò ṣeé yà mọ́. "Ẹ̀kọ́ àdàlú" súnmọ́ ọn ju bí ènìyàn ti rò lọ. Nínú ìkòkò àdàlú, àgbàdo ṣì jẹ́ àgbàdo, ẹ̀wà ṣì jẹ́ ẹ̀wà, ẹni tí ń sè é sì mọ̀ pé ìgbà tí àwọn méjèèjì fi ń jinná kò dọ́gba: bí àgbàdo bá gbẹ, òun ni yóò kọ́kọ́ wọ iná, bí ó bá jẹ́ tútù, ẹ̀wà ni yóò ṣíwájú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó yẹ kí olùkọ́ mọ èyí tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ní ilé àti èyí tí ó yẹ kí wọ́n jọ ṣe. Ó ṣeni láàánú pé àpèjúwe rere kì í fi ìgbà gbogbo ṣe orúkọ rere. Kò sí ìgbìmọ̀ yunifásítì tí yóò fọwọ́ sí ìwé tí ó ní àdàlú lára.

"Ẹ̀kọ́ àsopọ̀" ni ó kù, òun ni ó sì tọ́. Ohun méjì tí wọ́n so pọ̀ ṣì jẹ́ méjì, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fa ọ̀kan, èkejì yóò mì. Ìdánwò rẹ̀ kò le: ṣé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lórí ayélujára ní ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n lò nínú kíláàsì ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ méjì ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń mọ̀ ọ́n lára kí olùkọ́ tó mọ̀, nítorí pé òun ni iṣẹ́ náà di méjì lé lórí.

Rọrùn

Láti 1989 ni àlàyé Fred Davis ti ń darí ìwádìí lórí bí ènìyàn ṣe ń gba ẹ̀rọ. Ohun méjì ni ó ní ó ṣe pàtàkì: bí ènìyàn bá gbà pé ẹ̀rọ náà wúlò fún iṣẹ́ òun, àti bí ó bá gbà pé lílò rẹ̀ kò ní í ni òun lára. Àwọn olùtúmọ̀ ń pe èkíní ní ìwúlò, wọ́n ń pe èkejì ní ìrọ̀rùn. Ìwúlò kò ṣòro. Ìrọ̀rùn ni ọ̀ràn wà.

Ó yẹ kí ènìyàn wo àwọn tí Davis bi léèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ IBM ní Toronto wà lára wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ wà ní ibi iṣẹ́. Kì í ṣe wọ́n ni ó ra á, kì í ṣe wọ́n ni ó ń san owó iná rẹ̀. Nítorí náà, bí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá ní ẹ̀rọ náà kò ni òun lára, ìmọ̀ bí wọ́n ti ń lò ó nìkan ni ó lè máa sọ. Nígbà tí wọ́n gbé ìbéèrè kan náà dé Àkókà tàbí Àgọ́-Ìwòyè, tí wọ́n sì tú u sí "ó rọrùn fún mi láti lò", ẹrù tí kò sí nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti gun orí rẹ̀. Nínú Yorùbá, owó ń rọrùn, àyè ń rọrùn, ara ń rọrùn, iṣẹ́ ń rọrùn.

Ìtumọ̀ èkíní ni ti ìmọ̀, èyí tí Davis ní lọ́kàn. "Ìmọ̀ọ́lò" yóò ṣe é, ní àfarawé "mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà" tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lo WhatsApp àti Telegram láti òwúrọ̀ di alẹ́ kì í sábà ní ìṣòro yìí. Olùkọ́ rẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí ó ní in.

Èkejì ni ti owó. Fídíò tí ń gba mẹ́gábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò gba mẹ́gábíìtì 3,600 ní wákàtí kan. Bíìtì 8 ni ó wà nínú báìtì 1, nítorí náà mẹ́gábáìtì 450 ni wákàtí náà jẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́jọ péré lọ́sẹ̀, gígábáìtì 3.6 ni, bí sáà ẹ̀kọ́ bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 15, gígábáìtì 54 ni. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kan náà pa fídíò, kí ó fi ohùn nìkan kọ́ni ní kílóbíìtì 32 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wákàtí kan di mẹ́gábáìtì 14.4, gbogbo sáà náà kò sì ju mẹ́gábáìtì 1,728 lọ. Gígábáìtì méjì kò pé. Ẹ̀kọ́ kan náà ni, olùkọ́ kan náà ni, ọ̀kan sì fi ju ọgbọ̀n ìlọ́po wọ́n ju èkejì lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní "kò rọrùn" nípa ti àkọ́kọ́ kò tíì sọ ohunkóhun nípa èkejì. Ní oṣù kìn-ín-ní 2025, nígbà tí àjọ NCC gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi owó kún owó wọn títí dé ìdá 50 nínú 100, ìhà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní láti yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀kọ́ wọn.

Owó a sì máa gba ọ̀nà kejì. Láti oṣù karùn-ún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti fòpin sí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ fò sókè. Ẹni tí ń wọ dáńfó mẹ́ta láti Ìkòròdú dé Àkókà wá ń fi owó ọkọ̀ wé owó dátà. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ojúkojú ni kò rọrùn. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ kan náà lè kọjú sí ìhà méjì láàárín ọdún méjì, ìwé ìbéèrè tí kò béèrè owó kò sì ní í mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti àyè: ibi ìjókòó, àkókò, àti iná. Àwọn ènìyàn ṣì ń sọ pé NẸ́PÀ ti mú iná lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yẹn ti kúrò lára ilé iṣẹ́ náà láti 2005, tí wọ́n sì ti pín in fún àwọn aládàáni ní 2013. Ó jọ pé bí òkùnkùn ti rí ni kò yí padà. Olùkọ́ tí ń wo ojú fóònù rẹ̀ tí kò rí ojú ẹnikẹ́ni, àfi àpótí dúdú dúdú tí orúkọ wà lára wọn, a máa rò pé àfojúdi ni. Àṣà tí ó tọ́ ọ dàgbà ni pé ọmọ tí ń bá àgbà sọ̀rọ̀ kì í fi ara pamọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Frank Castelli àti Mark Sarvary bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ní ìdí tí wọ́n fi ń pa kámẹ́rà, nínú iṣẹ́ tí ó jáde ní 2021, ohun tí ó ga jù nínú èsì wọn ni ìtìjú bí ìrísí wọn ti rí. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹlòmíràn àti yàrá tí yóò hàn lẹ́yìn wọn, àti íntánẹ́ẹ̀tì tí kò lágbára. Akẹ́kọ̀ọ́ tí òun àti àbúrò mẹ́ta jọ ń sùn nínú yàrá kan ní Mọkọ́lá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò Cornell láti mọ èyí.

Ẹ̀kẹrin ni ti ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀: kò yé e. "Ìyéni" ni ó yẹ kí wọ́n fi bi í.

Ìtumọ̀ karùn-ún kan tún wà tí ìwé atúmọ̀ èdè kì í kọ. Ọmọ tí ó mọ ìwà hù kì í wo ojú olùkọ́ kí ó sọ pé "ẹ kò mọ̀ ọ́n kọ́" tàbí "n kò fẹ́". Yóò ní, "Kò rọrùn, sà." Àpọ́nlé ni ó fi bo ìkọ̀sílẹ̀. Bí olùkọ́ tí ó kọ́ ọ bá jẹ́ ẹni tí ó tún ń fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, kò sí òṣùwọ̀n tí yóò mú ohun tí ó wà nínú ọmọ náà. Ẹlòmíràn ni ó yẹ kí ó béèrè, ẹni tí kò ní í máàkì ìwé rẹ̀.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ àti ohun tí ó kọ́

Kò yẹ kí wọ́n gbé ìhà sí ipò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní 2019, Louis Deslauriers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì. Àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì ṣe dáadáa nínú ìdánwò ju àwọn tí wọ́n jókòó tí olùkọ́ tí ó dáńtọ́ ń sọ̀rọ̀ fún. Síbẹ̀ àwọn tí wọ́n jókòó ni ó gbà pé àwọn kọ́ nǹkan jù. Ojúkojú ni kíláàsì méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀kọ́ àsopọ̀ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ohun tí ẹ̀kọ́ àsopọ̀ máa ń ṣe ni láti gbé ọ̀rọ̀ olùkọ́ lọ sí ilé kí kíláàsì lè di ibi iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lààgùn nínú rẹ̀ lè má yìn ín. Ní 2010, ìwádìí tí Barbara Means àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó kó èsì ọ̀pọ̀ ìwádìí mìíràn jọ, rí i pé ẹ̀kọ́ àsopọ̀ ni ó ṣe dáadáa jù ojúkojú nìkan lọ. Àwọn fúnra wọn sì sọ pé àfikún àkókò àti ohun èlò tí ó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ okùnfà, kì í ṣe ayélujára.

Bí wọn yóò ti kọ ìbéèrè

Bí olùkọ́ tàbí olùtúmọ̀ bá fẹ́ gbé òṣùwọ̀n Likert wọ Yorùbá, ìkangun méjèèjì kò ní ìṣòro: "mo gbà gan-an" àti "n kò gbà rárá". Ipele àárín ni ọ̀gbun wà. "N kò lè sọ" ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta ni ó lè mú un: ẹni tí kò tíì ronú lórí rẹ̀, ẹni tí ó ronú tí ọkàn rẹ̀ sì pín sí méjì, àti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn rárá nítorí pé kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi wọlé. "Ó dá mi lójú ní apá kan, kò dá mi lójú ní apá kejì" gùn, ṣùgbọ́n ó mọ́. Kí wọ́n sì fi àpótí "kò kàn mí" sí ìta òṣùwọ̀n, kí wọ́n má kà á mọ́ àárín.

Ní ti ìrọ̀rùn, kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò pátápátá, kí gbólóhùn mẹ́rin gba ipò rẹ̀: "Mo mọ bí mo ti lè wọ inú kíláàsì orí ayélujára láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." "Owó tí mo ń ná sí dátà ní ọ̀sẹ̀ kan kì í gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ mi." "Mo ní ibi tí mo lè jókòó sí fún wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni kò ní í dá mi dúró, tí iná kò sì ní í kú." "Bí olùkọ́ bá kọ́ mi lórí ayélujára, ohun tí ó kọ́ máa ń yé mi." Gbólóhùn ẹ̀kẹta yẹn ṣì ní àbùkù, nítorí pé ìbéèrè méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ó dára kí wọ́n la iná kúrò lára ibi ìjókòó. Kí wọ́n sì kọ ní iwájú ìwé náà bóyá ìkọ́ni pàjáwìrì, ẹ̀kọ́ orí ayélujára tàbí ẹ̀kọ́ àsopọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń dáhùn lé lórí, pẹ̀lú ọdún tí ó gbà á.

Ó ku ọ̀nà tí ìwé náà yóò gbà dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Láti 2020 wá, orí ayélujára kan náà ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ń fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí. Ẹni tí dátà rẹ̀ tán kò rí i. Ẹni tí fóònù rẹ̀ jẹ́ alábọ́tìnnì kò lè ṣí i. Àwọn tí ó fèsì ni àwọn tí ó ti borí ìṣòro tí wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀, àwọn tí ẹnu wọn ìbá wúlò jù kò sì sí nínú iye náà rárá. Bébà ni ó lè dé ọ̀dọ̀ wọn, ibi tí ó sì yẹ kí wọ́n ti pín in ni ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò, ní ọjọ́ tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò fẹ́ pa á jẹ.